Ta Ló Fún Ọ? Ọ̀rọ̀ Lórí Ohun Mímọ́, Fáńpáyà àti Aṣọ Pupa Ilẹ̀ Bùnú

Mo júbà àwọn onílẹ̀ Felele kí n tó la ẹnu, nítorí ọmọ Bùnú ni mí, àlejò sì ni mí lórí ilẹ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan pè mí sí yàrá wọn, kò jìnnà sí ibi tí Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ ti Lọ́kọ́ja kọ́ ọgbà rẹ̀ sí ní Felele níbí. Àwọn òbí kan ti gbọ́ pé eré fáńpáyà, àwọn òkú amùjẹ̀ inú ìtàn òyìnbó, ni àwọn ọmọ yìí ń ṣe, ọkàn wọn ò balẹ̀, wọ́n ní kí n lọ wò ó. Mo bá wọn, àwọn márùn-ún, wọ́n jókòó yí tábìlì kan ká. Iná ti lọ. Àtùpà tó ń lo oòrùn ló wà láàárín wọn, pẹ̀lú ẹ̀pà nínú abọ́, bíró, ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, àti dáìsì olójú mẹ́wàá tó ń tàn bí ìlẹ̀kẹ̀. Eré tí wọ́n ń pè ní Vampire: The Masquerade ni. Ọ̀kan nínú wọn ń ṣe àlùfáà, fáńpáyà sì ti ká a mọ́ inú ilé kan.

"Mo na àgbélébùú sí i," ni ọmọ náà wí.

Ọmọ tó ń darí ìtàn ní, "Ó rẹ́rìn-ín. Ó gba àgbélébùú náà lọ́wọ́ rẹ."

"Báwo? Àgbélébùú mà ni!"

"Wo ìwé tó wà níwájú rẹ. Ṣé ìgbàgbọ́ wà níbẹ̀?"

Ọmọ náà wo ìwé rẹ̀. Kò sí níbẹ̀. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín, àfi ọmọbìnrin kan tó jókòó sí igun, tó ní, "Tó bá jẹ́ pé edan Ògbóni ló nà sí i ńkọ́?" Ẹ̀rín dáwọ́ dúró. Ó wá kọjú sí mi: "Sà, ẹ dákun, ṣé edan máa ṣiṣẹ́?"

N kò dá a lóhùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ohun tí mo wá ṣe lónìí ni láti dá a lóhùn.

Fún ẹ̀yin àgbà tí ẹ kò mọ irú eré yìí, kò ṣòro. Ẹnì kan ń pa àlọ́, àwọn yòókù kò kàn jókòó gbe orin, wọ́n ń bá a pa á. Oníkálùkù ní ẹ̀dá kan tó ń gbẹnu sọ fún. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti di bóyá bẹ́ẹ̀ ni, bóyá bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á da dáìsì, ohun tó bá yọ ni ìtàn yóò gbà lọ. Ẹni tó bá ti rí babaláwo tó da ọ̀pẹ̀lẹ̀ rí, tó rí i bí ó ṣe ń wo èyí tó dojú dé àti èyí tó ṣíjú sókè, tó mọ̀ pé ọ̀kan nínú odù 256 ni yóò yọ àti pé ìtàn ni yóò tẹ̀ lé e, ojú rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí eré yìí púpọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe ṣì mí gbọ́: n kò sọ pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ẹni tó da ọ̀pẹ̀lẹ̀ ń wádìí ayé ẹni tó wà níwájú rẹ̀; àwọn ọmọ yìí, eré ni wọ́n ń ṣe.

Láti ìgbà tí irú eré yìí ti wà ni fáńpáyà àti ohun mímọ́ ti ń wọ̀jà nínú rẹ̀. Eré tó ṣíwájú gbogbo wọn, Dungeons & Dragons, tí Gary Gygax àti Dave Arneson gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1974, ní àlùfáà nínú, tó ń fi àmì ẹ̀sìn lé òkú tó ń rìn. Ibi tí àlùfáà yẹn ti wá dùn ún gbọ́. Nínú eré tí Arneson ń darí fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn òṣèré di fáńpáyà tí wọ́n ń pè ní Sir Fang. Agbára rẹ̀ pọ̀ débi pé apá ẹnikẹ́ni kò ká a mọ́. Wọ́n bá dá àlùfáà sílẹ̀ láti kojú rẹ̀. Fáńpáyà ló bí àlùfáà, ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe dojú rú.

Kí eré yẹn tó wà ni àgbélébùú tó ń lé fáńpáyà ti wà nínú ìwé, ìwé Dracula tí Bram Stoker tẹ̀ jáde ní ọdún 1897. Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ orúkọ Dracula kò ka ìwé náà. Agbẹjọ́rò ọ̀dọ́ kan láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Jonathan Harker, ń lọ sí ilé Dracula. Ní ilé ìtura tó sùn sí lọ́nà, ìyá arúgbó kan kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Nígbà tó rí i pé kò gbọ́, ó bọ́ àgbélébùú ọrùn ara rẹ̀, ó fi kọ́ ọrùn ọ̀dọ́mọkùnrin náà, ó ní nítorí ìyá tó bí i. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni Harker. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé ìbọ̀rìṣà ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ojú ń tì í láti gbà á, ojú sì ń tì í láti kọ̀ ọ́ fún arúgbó. Ó kàn gbà á ni. Nígbà tó ń fá irùngbọ̀n ní ilé Dracula, abẹ gé e, ẹ̀jẹ̀ ṣàn, Dracula fò mọ́ ọn lọ́rùn. Ọwọ́ rẹ̀ kan okùn ìlẹ̀kẹ̀ tí àgbélébùú náà wà lára rẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ìbínú rẹ̀ rọlẹ̀.

Ẹ wò ó dáadáa. Ẹni tó wọ̀ ọ́ kò gbà á gbọ́. Kí ló wá ṣiṣẹ́? Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni obìnrin tó kúnlẹ̀. Ọrùn ara rẹ̀ ló ti bọ́ ọ, ó sì fi orúkọ ìyá ẹlòmíràn sí i.

Nígbà tí yóò fi di ọdún 1975, tí Stephen King kọ 'Salem's Lot, ọ̀rọ̀ ti yí padà. Àlùfáà kan wà nínú ìwé náà, Father Callahan, tó na àgbélébùú sí fáńpáyà, tí àgbélébùú náà sì ń tàn. Fáńpáyà ní kó jù ú sílẹ̀ tó bá gbójú lé Ọlọ́run lóòótọ́. Ọkàn àlùfáà mì, ìmọ́lẹ̀ kú, fáńpáyà gba àgbélébùú náà lọ́wọ́ rẹ̀. Níbẹ̀, agbára ti kúrò lára nǹkan, ó kó wọ inú àyà ẹnì kan ṣoṣo. Nígbà tí Mark Rein-Hagen àti ilé iṣẹ́ White Wolf gbé Vampire: The Masquerade jáde ní ọdún 1991, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà. Nínú eré wọn, àgbélébùú lásán kò já mọ́ nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun mímọ́ ẹ̀sìn yòówù. Ẹni tó bá ní Ìgbàgbọ́ Òtítọ́, tí wọ́n fi nọ́ńbà wọ̀n fún un, òun nìkan ni fáńpáyà ń sá fún. Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ wa fi rẹ́rìn-ín lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ní ọdún 2003, White Wolf tẹ ìwé kan jáde lórí fáńpáyà ilẹ̀ Áfíríkà, Kindred of the Ebony Kingdom. Orúkọ tí wọ́n pe gbogbo wọn ni Laibon, orúkọ tí àwọn Màsáì ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ń pe aṣáájú ẹ̀sìn wọn. Wọ́n ti ọ̀dọ̀ Màsáì dé ọ̀dọ̀ wa, wọ́n sọ ìdílé fáńpáyà kan ní Shango. Èyí tó sì mú mi lọ́kàn jù ni ti ọ̀nà tí wọ́n fi ń wọn ìwà fáńpáyà wọ̀nyí: ohun méjì ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, wọ́n pe ọ̀kan ní Aye, wọ́n pe èkejì ní Orun. Aye ni bí fáńpáyà ṣe sún mọ́ ènìyàn alààyè tó, Orun ni bí ó ṣe sún mọ́ àwọn ẹ̀mí tó. Ọ̀rọ̀ ẹnu wa ni, láìsí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀.

Àwọn kan yóò ní kí n bínú. Mo bínú díẹ̀ lóòótọ́, pàápàá lórí Ṣàngó tí wọ́n fi ṣe orúkọ amùjẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹni tó mú ayé àti ọ̀run ti rí nǹkan kan. Ó rí i pé ìgbàgbọ́ inú àyà ẹnì kan kò tó fún ìtàn ilẹ̀ wa, pé ó yẹ kí a béèrè ẹni tí ènìyàn bá tan ní ìhín àti ní ọ̀hún. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò wọlé. Nọ́ńbà ló tún padà sọ ọ́ dà.

Lọ́kọ́ja gan-an mọ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń rìn láti ilé kan dé òmíràn tí ó sì ń yí padà. Ní ọdún 1841, ọkọ̀ ojú omi àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba orí Ọya yìí wá sí ibi tí odò méjì ti pàdé, wọ́n dá oko sílẹ̀ lẹ́bàá ibí, ibà sì lé wọn padà. Samuel Ajayi Crowther wà nínú ọkọ̀ náà. Òun náà ló ṣe aṣáájú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa, ìwé tí mo fi kọ́ kíkà. Nínú rẹ̀ ni Èṣù ti di Sátánì. Mo nífẹ̀ẹ́ Crowther, mo sì mọ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti tóbi tó, àmọ́ títí di òní, ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ Èṣù yóò kọ́kọ́ fòyà kó tó ronú. Bí orúkọ bá bọ́ sọ́wọ́ tuntun, ohun tí ọwọ́ tuntun bá ṣe sí i ni ayé yóò mọ̀ ọ́n sí.

Ó yá, kí n dá ọmọbìnrin yẹn lóhùn.

Nílẹ̀ Yorùbá, bí a bá rí ohun mímọ́ lọ́wọ́ ènìyàn, a kì í kọ́kọ́ béèrè pé, "Ṣé o gbà á gbọ́?" Ohun tí a ń béèrè ni pé, "Ta ló fún ọ?" Lẹ́yìn náà: "Kí ni èèwọ̀ rẹ̀? Àwọn wo lẹ jọ ni ín?" Ẹ wo adé. Ọba tó ni adé kò gbọdọ̀ wo inú rẹ̀. Ẹlòmíràn ló ń dé e fún un. Samuel Johnson, òpìtàn Yorùbá, kọ ọ́ pé ní Ọ̀yọ́, Ìyá Kéré ló ń gbé adé lé Aláàfin lórí, òun náà ló sì ń tọ́jú ohun ọ̀ṣọ́ oyè. Bí Aláàfin bá ṣẹ̀ ẹ́, ó lè kó gbogbo rẹ̀ pamọ́, kí ọba má lè jáde sí gbangba fún ayẹyẹ kankan. Ẹ ò rí nǹkan! Ọba aláṣẹ, èkejì òrìṣà, obìnrin ààfin kan ló ń ti ilẹ̀kùn mọ́ agbára rẹ̀. Eré wo ló ti ní òfin bẹ́ẹ̀?

Bẹ́ẹ̀ náà ni edan rí. Méjì ni, akọ àti abo, idẹ ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ẹ̀wọ̀n ló so wọ́n pọ̀ lórí. Bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n gbé edan síbẹ̀, ìjà gbọ́dọ̀ parí, nítorí gbogbo ilédì àwọn Ògbóni ló dúró lẹ́yìn rẹ̀, Ilẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilédì. Nítorí náà, ọmọ mi, ìdáhùn mi rèé. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin inú eré yín bá rí edan rà ní ọjà, tó nà án sí fáńpáyà, asán ló nà. Bí ó bá sì jẹ́ pé wọ́n rán an ni, kódà kí ẹ̀rù máa bà á, kódà kí ó máa ṣiyèméjì bíi Harker, fáńpáyà yẹn ti wọ wàhálà. Kò dojú kọ ènìyàn kan. Ìlú ló dojú kọ.

Mo mọ èyí kí n tó lè kà. Ìyá àgbà mi ní àpótí onípákó kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tó ń rùn káńfọ̀. Ọjọ́ kan, ó ṣí i nígbà tí mo wà níbẹ̀. Ó tú aṣọ funfun tó fi wé ohun tó wà nínú rẹ̀, pupa bá yọ, pupa tó jìn, tí kò jọ ti aṣọ ọjà, pẹ̀lú ìlà dúdú tín-ín-rín tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Mo na ọwọ́, ọwọ́ mi sì kún fún epo àkàrà. Kò nà mí. Ó ní, "Lọ fọwọ́, kí o padà wá kúnlẹ̀." Nígbà tí mo kúnlẹ̀, ó fi ìka rẹ̀ tọ ìlà dúdú náà, ó sọ ẹni tó hun ún fún mi, ó sọ ẹni tí wọ́n lò ó fún nígbà òkú rẹ̀, àti ẹni tí yóò gbà á lẹ́yìn òun. Lẹ́yìn náà ló wé e padà. Mi ò rántí orúkọ gbogbo wọn mọ́, ó sì ń dùn mí.

Aṣọ ìpò ni aṣọ náà. Gbogbo ilẹ̀ àwa Yorùbá Òkun ló mọ̀ ọ́n, àwọn Ẹbira aládùúgbò wa náà sì máa ń rà á lọ́wọ́ wa tẹ́lẹ̀. Nígbà náà, àwọn obìnrin Bùnú máa ń hun ún lórí òfì ìdúró, fún òkú olóyè àti fún ẹ̀kú eégún. Elisha Renne, ọmọ Amẹ́ríkà tó wá gbé láàárín wa láti kọ́ nípa rẹ̀, tẹ ìwé kan jáde lórí aṣọ Bùnú ní ọdún 1995, àkọlé tó fún un sì ni Cloth That Does Not Die, aṣọ tí kì í kú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ọ̀pọ̀ yín kò mọ̀ nípa pupa yẹn. Òkè òkun ló ti wá. Bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa, irú èyí tí wọ́n ń tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì ní ọsibítù, ló ń bá ọkọ̀ òyìnbó wá sí ọjà. Àwọn ìyá wa rà á, wọ́n jókòó, wọ́n tú u. Òwú kan, òwú kan. Ẹni tó bá ti tú súwẹ́tà rí mọ irú sùúrù tó gbà: òwú á já, wàá so ó, á lọ́, wàá tún un tú. Wọ́n wá gbé òwú náà lé òfì pẹ̀lú òwú ìbílẹ̀. Nígbà tó wà lára bùláńkẹ́ẹ̀tì, ta ló ń kúnlẹ̀ fún un? Nígbà tó kúrò lọ́wọ́ wọn, kò sí ẹni tó jẹ́ fi ọwọ́ epo kàn án.

Ohun kan ṣì kù tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sọ́kàn. Fáńpáyà inú ìwé òyìnbó, òkú ni. Àwọn Ewé ní Gánà àti Tógò ní adze, amùjẹ̀ tó ń fò lóru bíi tànnátànná, àmọ́ bí ọwọ́ bá tẹ̀ ẹ́, ènìyàn alààyè ni yóò yà. Bẹ́ẹ̀ ni tiwa náà. Àwọn tí ìtàn wa ní wọ́n ń mu ẹ̀jẹ̀, alààyè ni wọ́n, ìyá ẹnì kan ni wọ́n, a sì jọ ń pọnmi nínú kànga kan. Ìdí nìyẹn tí àwọn baba wa ní Kétu kò fi gbẹ́ igi láti fi gún wọn láyà. Ère ni wọ́n gbẹ́, wọ́n gbé e lé orí, wọ́n jó, wọ́n kọrin, wọ́n pè wọ́n ní ìyá wa, wọ́n tù wọ́n lójú. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ nìyẹn, tí UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní ọdún 2008 fún Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Nínú Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ohun mímọ́ kì í lé ẹni tí a ń bẹ̀rù lọ; ó ń pè é wá jókòó. Mo bẹ̀ yín tọkàntọkàn, ẹ má jẹ́ kí eré kankan kọ́ yín láti na ìka sí arúgbó tàbí ọmọdé kan pé àjẹ́ ni. Àwọn tí wọ́n ti lù, tí wọ́n ti lé kúrò nílé nítorí irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀ ní orílẹ̀-èdè yìí ti pọ̀ jù.

Mo sì ń ronú kan àwọn ohun mímọ́ tí ẹni tó ń tọ́jú wọn kò sí mọ́ nítòsí. Ní ọdún 1892, ọmọ ogun Faransé kó ohun ìní àwọn ọba Dàhómì ní Abomey. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2021, 26 nínú wọn padà dé Kùtọnu láti Páríìsì. Láti ìgbà tí wọ́n ti dé ni àwọn ará Bẹ̀nẹ̀ ti ń béèrè pé, kí ni a máa ṣe pẹ̀lú wọn báyìí, ṣé kí a tún gbé wọn sínú gíláàsì ni? Ìbéèrè gidi ni. Aṣọ ìpò wa náà wà nínú gíláàsì ní ìlú òyìnbó. Wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa níbẹ̀, kòkòrò kò jẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìyá àgbà tó ń sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó lọ fọwọ́.

Ẹ̀yin òbí tí ọkàn yín ò balẹ̀, mo ti rí eré náà, mi ò rí ohun tó ń ba ọmọ jẹ́ níbẹ̀. Mo rí ọmọ márùn-ún tó ń ronú pọ̀ nínú òkùnkùn, tí ìkankan nínú wọn kò wo fóònù. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin ni mo bá dé ìparí. Bùláńkẹ́ẹ̀tì pupa ni eré yẹn. Ẹ tú u. Ẹ yọ òwú tó dára níbẹ̀, dáìsì, apààlọ́, ẹ̀rù alẹ́, kí ẹ gbé e lé òfì tiyín. Ẹ ṣe eré tí àwọn òṣèré yóò ti máa sọ ẹni tó fún wọn ní ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó lò ó, tí èèwọ̀ yóò wà níbẹ̀, tí ẹni tó bá ṣẹ olùtọ́jú adé yóò bá àpótí ní títì. Ẹ fi àmì ohùn sórí ayé àti ọ̀run. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ orúkọ aṣọ ìpò sínú ìwé òfin yín, ẹ wọ mọ́tò lọ sí Bùnú, kò jìnnà. Ẹ wá àwọn ìyá tó ṣì mọ iṣẹ́ náà, kí ẹ kúnlẹ̀, kí ẹ béèrè ohun tí ẹ lè fi ṣeré àti ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ẹ tètè lọ. Wọn kò pọ̀ mọ́.